Gìtá Tó Ń Bú Ramúramù: Orin Rọ́ọ̀kì Líle ní Enugu Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé, àti Ohun Tí Wọ́n Ń Gbé Jáde ní Lomé Lónìí

Ìfáàrà

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ó ṣeé ṣe kí ẹnu ya àwọn kan nínú yín pé olùkọ́ èdè Yorùbá ló fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa orin tí wọ́n ń pè ní heavy metal, àti pé Obiagu ní ìlú Enugu ni ọ̀rọ̀ náà gbé wa dé. Kì í ṣe pé a fi iṣẹ́ wa sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fà á. Ní kíláàsì NCE ọdún kejì, níbi tí a ti ń kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀ alohùn, ọmọkùnrin kan béèrè bóyá òun lè fi orin tí òun ń gbọ́ nínú fóònù wé ohùn egúngún nínú iṣẹ́ tí a fún wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní orin èṣù ni (a ti bá a wí lórí irú ìlò orúkọ Èṣù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn). Ẹlòmíràn ní orin òyìnbó ni, kò kan ọmọ Yorùbá. Ká má parọ́, àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí a gbọ́ orin náà tán, a rí i pé àwọn tó kọ ọ́ kì í ṣe òyìnbó rárá. Ọmọ Lomé ni wọ́n, èdè Ewe sì wà lára èdè tí wọ́n fi ń kọrin. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń tọ ipasẹ̀ irú orin yìí padà sẹ́yìn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èrò wa ni pé yóò gba Èkó kọjá, kó sì parí síbẹ̀. Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ló mú wa lọ.

Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí ní 15 January 1970. Ní 13 February ọdún kan náà, ẹgbẹ́ Black Sabbath gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré ló wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà gbà pé inú àwo orin yẹn ni heavy metal ti bẹ̀rẹ̀.

Birmingham ni ìlú wọn, ìlú iṣẹ́ irin. Tony Iommi tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ náà ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti gé orí ìka rẹ̀ méjì ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni, nítorí náà ọwọ́ tó fi ń tẹ okùn gìtá gan-an ni jàǹbá náà bá. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe orí ìka fún ara rẹ̀. Ó wá okùn tó fúyẹ́, nígbà tó sì yá, ó dẹ okùn náà kó lè rọrùn láti tẹ̀. Okùn tó bá dẹ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á sì wúwo. Ìdí tí a fi ń sọ èyí fún yín ni pé ohùn wúwo tí àwọn ènìyàn ń pè ní ariwo lásán yẹn, ara tí iṣẹ́ ti ṣe léṣe wà nídìí rẹ̀.

Enugu náà kì í ṣe ìlú afẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Èédú ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Wọ́n rí èédú níbẹ̀ ní 1909, ojú irin sì so ibẹ̀ mọ́ Port Harcourt ní 1916. Ní 18 November 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà ní Iva Valley, ènìyàn mọ́kànlélógún ló kú. Inú àdúgbò bí Obiagu, Asata, Ogui àti Coal Camp ni àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn oníṣòwò kéékèèké ń gbé. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú Biafra ní 1967, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì gbà ní 4 October ọdún náà.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ti igbó dé

Nígbà tí ogun parí, àwọn tó sá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Ogún pọ́n-ùn ni wọ́n san fún ọ̀pọ̀ ẹni tó lówó ní báǹkì ṣáájú ogun, iye yòówù kó ti wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó yẹ kí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti fi ọdún méjì ààbọ̀ mọ ìró ìbọn. Iṣẹ́ kò sí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìlú tó ti ogun dé kì í ṣaláìní: àwọn ọmọ ogun tó gba owó oṣù, tí wọ́n sì fẹ́ ibi tí wọn yóò ti jó lálẹ́. Ẹni tó bá mọ gìtá ta rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ó le láti sọ nínú kíláàsì. Àwọn tó ń lùlù àti àwọn tó ń jó sí i, ọdún tó kọjá ni wọ́n ṣì ń yìnbọn síra wọn. Ẹgbẹ́ Wings, tí àwọn ọ̀dọ́ Ìlà-Oòrùn fẹ́ràn bí ojú, ti inú ẹgbẹ́ tó ń ṣeré fún ẹ̀ka ọmọ ogun òfuurufú Biafra jáde ni. Lẹ́yìn ogun, wọ́n gé orúkọ náà kù, ó ku Wings nìkan. Orúkọ tí wọ́n gé kù yẹn jẹ́ ìwé ìtàn fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Spud Nathan tó ń kọrin fún wọn kú nínú jàǹbá ọkọ̀ ní 1974, ẹgbẹ́ náà kò sì wà ní ìṣọ̀kan mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Aba ni àwọn Funkees wà ní tiwọn, kí wọ́n tó kọjá sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Àwọn Strangers wà ní Owerri. Ní Enugu, àwọn Hygrades ni, Goddy Oku ló sì ń ta gìtá fún wọn. Rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré, olórin kan níwájú, olórin kan lẹ́yìn, ni a mọ̀ wọ́n mọ́, èyí tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979. Bí ẹ bá gbọ́ gìtá inú orin bí “In the Jungle”, ẹ ó gbà pé kì í ṣe gìtá háíláìfù. Ìró rẹ̀ ya, ó há, ó ń kùn bí oyin tí wọ́n fi ọ̀pá rú ilé rẹ̀. Goddy Oku yìí náà ló dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ Godiac sílẹ̀ ní Enugu nígbà tó yá.

A kò sọ pé heavy metal ni àwọn Hygrades ń ṣe o. Ẹsẹ̀ James Brown, tó wá sí Nàìjíríà ní 1970, hàn nínú ìlù wọn, bẹ́ẹ̀ ni ti Jimi Hendrix hàn nínú gìtá. Ohun tí a ń sọ ni pé ìlú òṣìṣẹ́ méjì, tí ọ̀kan kò mọ ọ̀kan, ń wá ohùn tó nípọn ní àsìkò kan náà. Ọ̀kan rí i, ó sọ ọ́ di òkìkí kárí ayé. Èkejì rí i, ó sọ ọ́ nù.

Ti Èkó kò pẹ́ lẹ́nu

Ìtàn Èkó ni wọ́n máa ń sọ jù, nítorí náà a ó yára kọjá níbẹ̀. Ní 1972, Ofo the Black Company gbé “Allah Wakbarr” jáde. Nínú gbogbo orin tí a mẹ́nu bà, òun ló sún mọ́ líle Birmingham jù lọ létí tiwa. Ní ọdún yẹn náà ni Monomono ti Joni Haastrup gbé Give the Beggar a Chance jáde. Ní 1973, Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu, tí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn para pọ̀ di BLO, gbé Chapter One jáde. Ginger Baker, onílù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà, ti bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣeré rí. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's College gbé Try and Love jáde lórúkọ Ofege. Ọmọ sẹ́kọ́ńdírì! Àwa tí à ń kọ́ni níṣẹ́ olùkọ́ yẹ ká ro ìyẹn dáadáa: ọmọ tó ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ló ṣe àwo orin tí àwọn olùtajà ìlú òkèèrè ń wá títí di òní.

Ibi tí àwọn àwo náà gbà lọ

Kó tó di 1980, ariwo gìtá ti lọ sílẹ̀. Dísíkò dé, àsìkò yí padà, ohun èlò sì wọ́n. Àwo orin ike kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ọ̀rinrin àti erùpẹ̀. Ìran tó tẹ̀ lé wọn kò mọ orúkọ wọn mọ́.

Ilẹ̀ òkèèrè ni a ti tún gbọ́ wọn. Ní 2008, ilé iṣẹ́ Soundway ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn orin náà jọ sínú Nigeria Rock Special. Ní 2016, Now-Again ní Los Angeles gbé Wake Up You! jáde ní apá méjì, pẹ̀lú ìwé ìtàn tí Uchenna Ikonne kọ. Ọmọ wa ni Ikonne, iṣẹ́ takuntakun ló sì ṣe. A kò bínú sí ẹni tó ra ohun tí àwa fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn wá pé bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá fẹ́ gbọ́ orin Enugu, owó dọ́là ni yóò fi rà á, láti California.

Nígbà tí a dé Enugu, wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Obiagu tó bá ẹgbẹ́ kékeré kan lu ìlù nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ tí kò ṣe àwo orin rí. “Papa” ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwa náà sì pè é bẹ́ẹ̀. Papa fi àpò àwo orin mẹ́rin hàn wá, paali lásán, kò sí àwo nínú wọn. Ó ní ẹnì kan ti ra ohun tó wà nínú wọn, òun sì ti fi owó náà ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni náà kò fẹ́ àpò wọn nítorí wọ́n ti ya. A bi í pé kí ló dé tó tọ́jú wọn. Ó ní nítorí orúkọ tó wà lẹ́yìn wọn ni.

Lomé

Ẹgbẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbọ́ ni Arka'n Asrafokor. Rock Ahavi ni olórí wọn. Àwo orin wọn Zã Keli jáde ní 2019. Dzikkuh jáde ní 5 April 2024 láti ọwọ́ Atomic Fire, ilé iṣẹ́ orin ní Jámánì. Nínú orúkọ wọn, asrafo túmọ̀ sí jagunjagun ní èdè Ewe. Inú ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ ìbínú ni wọ́n sì ti yọ Dzikkuh. Wọ́n ń kọrin ní Ewe, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Agogo àti ìlù ìbílẹ̀ wà lábẹ́ gìtá wọn, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Agogo ló ń darí ibi tí gìtá yóò ti balẹ̀.

Ewe kò jìnnà sí wa. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé àwọn baba ńlá wọn gba Kétu kọjá. Èdè olóhùn ni Ewe, bí Yorùbá. Ìbéèrè tó wá gba ọkàn wa ni èyí: bí èdè bá jẹ́ olóhùn, tí ìró òkè àti ìró ìsàlẹ̀ sì máa ń yí ìtumọ̀ padà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ bí akọrin bá ń bú ramúramù láti ọ̀nà ọ̀fun? Ṣé yóò nu ohùn náà nù ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín ló ti mọ ọ̀nà ìdáhùn ṣáájú wa. Nígbà tí ará ọ̀run bá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ó ń há, ó ń kùn, wọ́n máa ń fi wé igbe ìjímèrè. Síbẹ̀ àwọn tó mọ èdè rẹ̀ ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń dá a lóhùn. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn sún mọ́ra ju ti ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ lọ. Nítorí náà, kò sí ìdí kankan nínú èdè wa tí Yorùbá kò fi lè gba irú orin yìí. Ohun tí Lomé fi lé Enugu ti ayé àtijọ́ ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ìgbà yẹn fi kọrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Funkees kọ “Akula Owu Onyeara” ní Igbo, tí àwọn ènìyàn sì gbà á.

A ti fún ọmọkùnrin náà láyè láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó gba ohùn egúngún sílẹ̀ ní ọdún ìbílẹ̀ ìlú wọn, pẹ̀lú àṣẹ Alágbàáà. Ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dzikkuh, ó sì sàmì sí ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Àmì rẹ̀ kò pé tán, ó ṣì ń ṣi ohùn àárín mú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ kíláàsì náà, tirẹ̀ nìkan ni a kà lẹ́ẹ̀mejì.

Kí a tó kúrò ní Obiagu, a gbé Dzikkuh sí i fún Papa nínú fóònù. Ó gbé e sétí, ó ń fi ìka lu apá àga. Ó béèrè pé èdè wo nìyẹn. A ní Ewe ni, ti Togo. Ó ní ní ayé tiwọn, àwọn rò pé bí àwọn bá fi Igbo kọ irú orin bẹ́ẹ̀, Èkó kò ní gbọ́, Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò sì ní gbọ́. Lẹ́yìn náà ó ní ká tún un gbé sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.