Hamtramck, Ìlú Kékeré tí Ìpè Ìrun ti ń Dún Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Detroit

Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ẹ óò rí i pé ìlú ńlá Detroit fẹ́rẹ̀ẹ́ yí Hamtramck po tán. Hamtrámìkì ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Ẹni tó bá yá lẹ́sẹ̀ lè rìn la ìlú náà já kí wákàtí kan tó pé. Síbẹ̀, nígbà tí èèyàn ń dín kù ní Detroit, Hamtramck ń pọ̀ sí i: 22,423 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2010, ó di 28,433 ní 2020.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Dodge, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1910, ló fa àwọn ọmọ Poland wá síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1930, ará ìlú ti lé ní 56,000. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 1980, ọ̀pọ̀ ìdílé sì kó lọ. Àwọn ará Yemen, Bangladesh àti Bosnia ló wá ń gba inú ilé tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ìpè ìrun ló jẹ́ kí ayé gbọ́ orúkọ ìlú náà. Ní 2004, mọ́sálásí Al-Islah, ti àwọn ará Bangladesh, tọrọ àyè kí ladani wọn máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe ìrun. Awuyewuye sọ. Àwọn kan ní wọn ò gbọdọ̀ fi tipátipá gbé ẹ̀sìn ẹlòmíràn sí àwọn létí. Àwọn mìíràn, tó fi mọ́ àwọn Kristẹni, bi wọ́n pé ṣé agogo ṣọ́ọ̀ṣì kì í dún ni. Ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí i, àwọn alátakò sì gbé e lọ síbi ìdìbò ní July. Àwọn tó fara mọ́ ìpè náà ló borí. Aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́ ni òfin yọ̀ǹda. Ẹni tó bá mọ bí ojúmọmọ ṣe ń gùn níbẹ̀ nígbà ooru yóò mọ̀ pé Àsùbáà àti Ìṣáì kò bọ́ sínú àkókò yẹn nígbà náà!

Ní November 2021, wọ́n dìbò yan Amer Ghalib, tí wọ́n bí ní Yemen, sípò méyọ̀. Òun ni mùsùlùmí àkọ́kọ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìran Poland ló ti wà nípò náà fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tó máa fi di January 2022, mùsùlùmí ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin ọmọ ìran Poland, gba Ìsìláàmù fúnra rẹ̀ ni. Ní January 2023, wọ́n yọ̀ǹda kí èèyàn lè pa ẹran Iléyá nílé rẹ̀.

A kò ní fi èyí pamọ́ fún yín: ní June 2023, ìgbìmọ̀ náà fòfin de àsíá ẹgbẹ́ lórí dúkìá ìlú, tó fi mọ́ ti àwọn tó ń fẹ́ akọ-sí-akọ àti abo-sí-abo. Àwọn kan tó ti gbè mùsùlùmí lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ sọ pé àwọn tí àwọn jà fún ló wá kẹ̀yìn sí àwọn.