Ìró tó ń wo ojú ọmọ nínú oyún

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan níbí pè mí lóru. Ó lọ ṣe síkáànì ogún ọ̀sẹ̀, wọ́n ní ètè ọmọ náà là. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àbúrò, kí ni mo ṣe?" Èmi kì í ṣe dókítà aboyún, ìtàn ni mò ń kọ́. Ìtàn náà ni mo fi dá a lóhùn.

Àwọn tó kọ́kọ́ lo ìró tí etí ò lè gbọ́ kò wá ọmọ rárá. Ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ni wọ́n ń wá nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Bí ìró bá kan nǹkan, á padà wá bíi gbohùngbohùn. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ fi ń wá ibi tó sán nínú irin. Ní 1955, Ian Donald, dókítà aboyún ní Glasgow, kó kókó tí wọ́n gé lára àwọn aláìsàn sínú búùtù ọkọ̀, ó gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ Babcock & Wilcox ní Renfrew, kí wọ́n fi ẹ̀rọ irin wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣiṣẹ́! Ní 1958, òun, John MacVicar àti Tom Brown tó jẹ́ ẹnjiníà gbé àbájáde wọn jáde nínú The Lancet.

Àwòrán ìgbà yẹn ò fi ojú ọmọ hàn. Lónìí, síkáànì tí wọ́n ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 21 ní England ń wo ètè pẹ̀lú. Àmọ́ bó bá jẹ́ àjà ẹnu nìkan ló là, ó ṣòro kó rí i.

Rírí náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Donald fúnra rẹ̀ tako òfin ìṣẹ́yún ti 1967. Ní 2001, wọ́n ṣẹ́ oyún kan ní England lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24 nítorí ètè àti àjà ẹnu tó là. Àlùfáà obìnrin kan, Joanna Jepson, gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Ní 2005, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní àwọn ò ní pe dókítà kankan lẹ́jọ́.

Mo wá sọ fún ẹ̀gbọ́n pé: nǹkan bí oṣù kejì oyún ni ètè ọmọ ń so pọ̀, nígbà mìíràn ìyá ò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Kò dájú rárá pé ohun tí ẹ jẹ tàbí tí ẹ ṣe ló fà á. Nínú nǹkan bí ọmọ 700 ní Britain, ọ̀kan máa ń bá a wá sáyé. Wọ́n sábà máa ń rán ètè náà láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá àléébù irin ló fún ẹ̀gbọ́n láyè láti múra sílẹ̀ de ọmọ rẹ̀. Ẹ bá wa fi àdúrà rántí wọn o.