Ọ̀rọ̀ Tó Fara Pamọ́ Sínú Nọ́ńbà

Ẹ ó rántí bá a ṣe máa ń du ìwé ìròyìn mọ́ra wa lọ́wọ́ nílé ẹ̀kọ́, nítorí crossword. Arthur Wynne ló gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde nínú New York World, lọ́jọ́ 21, oṣù Kejìlá, 1913. A rò pé ọgbọ́n òyìnbó nìkan ni. Àṣé àwọn aáfà wa ní tiwọn nínú tírà. Ẹ wò ó:

4 9 2
3 5 7
8 1 6

Ẹ rò ó láti òsì sí ọ̀tún, 15 ni. Ẹ rò ó wálẹ̀, 15 ni. Ẹ rò ó láti igun dé igun, 15 náà ni.

Ọ̀rọ̀ kan wá fara pamọ́ síbẹ̀. Lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀: bá jẹ́ 2, dálì 4, wáwù 6, há tó jọ jímù 8. Ẹ kó nọ́ńbà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, 2, 4, 6, 8, ẹ fi lẹ́tà kọ ọ́: ó di "Budúhù". Nílẹ̀ Lárúbáwá láyé àtijọ́, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára lẹ́tà kó lè débi tí wọ́n rán an.

Muhammad al-Kishnawi, Fúlàní láti Katsina, kọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe ń to irú àpótí yìí, ní Káírò, ní 1732. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1741. Ọdún 165 lẹ́yìn ìwé náà ni ọmọ ogun Royal Niger Company tó wọ Ìlọrin, ní 1897.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ èyí? Nígbà tí bàbá wa àgbà kú, a bá ìwé kún àpótí rẹ̀. Wọ́n ní kò dáa ká da Lárúbáwá sí ààtàn, la bá sun ún. Èmi tó gba A1 nínú ìṣirò ni mo ṣáná sí i! Mo rí àwọn àpótí onínọ́ńbà yẹn, mo ní oògùn ni.

Ẹni tó bá ní tírà ò gbọdọ̀ wọlé òun, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ìṣirò inú rẹ̀ kì í ṣe oògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ abẹ́ ibùsùn àwọn àgbà wò kí ikán tó ṣáájú yín. Kwara State University ní Malete ní ilé ìwádìí fún ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin. Ẹ kó o lọ fún wọn. Ẹ má ṣe bíi tèmi.