Ta Ló Wò Ó Sàn? Ìtàn Omi Àdúrà àti Kíníìnì

Bí ẹ bá ti dé Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin rí, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn ọmọ mọ́tò ń pe Ọ̀fà, wọ́n ń pe Ajàṣẹ́-Ìpo, wọ́n ń pe Òmù-Àrán. Oníbúrẹ́dì ń na ọwọ́ wọ ojú fèrèsé ọkọ̀, ọlọ́kadà ń fọn fèrè bí ẹni pé fèrè ló fi ń rìn. Nítòsí gáréèjì yẹn ni àwa mẹ́ta tí a jọ ń kọ kóòdù gba yàrá kan sí.

Lọ́jọ́ kan, ibà dá ọ̀kan nínú wa dùbúlẹ̀. Àwa méjì yòókù sáré lọ sí kẹ́míìsì, a ra oògùn ibà wá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Òmù-Àrán pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan lọ́wọ́. Ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì ni màmá, ìjọ tí gbogbo wa mọ̀ sí CAC, omi àdúrà ló sì wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn. Màmá gbàdúrà títí ilẹ̀ fi ṣú, ó bu omi fún ọmọ rẹ̀ mu, ó fi díẹ̀ pa á lórí. Ó rí páálí oògùn lórí tábìlì, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀rẹ́ wa ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń jẹ ẹ̀wà. Ìgbà náà ni màmá wá bi wá pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló wò ó sàn?"

A wo ara wa lójú. "Ọlọ́run ni, mà," ni a sọ níkẹyìn. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. Ẹni tó bá ń kọ kóòdù mọ̀ pé tí èèyàn bá tún nǹkan méjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, tí àṣìṣe wá lọ, kò lè fi gbogbo ẹnu sọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn. Ohun tí a rí ni pé ìbéèrè màmá ti fa ìjọ ya rí nílẹ̀ Yorùbá, ó sì ya á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọdún 1918 ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yẹn, àjàkálẹ̀ àrùn influenza tó ń jà káàkiri ayé gba ojú òkun wọ Èkó, ó sì tan wọ àwọn ìlú tó wà nínú ilẹ̀ wa. Wọ́n ti ilé ìwé, wọ́n ti ilé ìjọsìn. Ẹ jẹ́ ká rántí ohun kan o: kò sí oògùn tó lè wo àrùn yẹn nígbà náà, ì báà jẹ́ ní London tàbí ní New York. Dókítà òyìnbó pàápàá ń ṣe é bí ẹni tó ń ta ọfà sínú òkùnkùn ni.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ìjọ Áńgílíkà St Saviour's, àwọn díẹ̀ kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Joseph Ṣàdáre, alágbẹ̀dẹ wúrà, wà lára wọn. Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣe olùkọ́, náà wà níbẹ̀. Òun ló ní Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ pé kí àwọn èèyàn fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n lo omi òjò pẹ̀lú àdúrà. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n wá pe ara wọn. Nígbà tó yá, David Ọdúbánjọ rí ìwé ìròyìn kan gbà láti ọwọ́ ìjọ Faith Tabernacle ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Ìjọ yẹn ń kọ́ni pé àdúrà nìkan ló yẹ kí Kristẹni fi wo àìsàn, àti pé ẹni tó ti dàgbà tó láti gbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ló yẹ kí a rì bọ omi. Ẹ̀kọ́ tó dé láti òkèèrè yìí bá ohun tí wọ́n ti ń ṣe nílé mu wẹ́kú.

Àwọn aṣáájú Áńgílíkà kò gbà. Lọ́dún 1922, ọ̀rọ̀ dé ojú ọ̀gbagadè, Ṣàdáre àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì kúrò nínú ìjọ tí wọ́n ti jáde. Ohun méjì ló lé wọn jáde: ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti oògùn. Ẹ fi méjèèjì yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Kí ni ìyàtọ̀ gan-an? Nínú ọ̀pọ̀ nǹkan, kò sí. CAC gba Mẹ́talọ́kan gbọ́ bí Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Kátólíìkì ṣe gbà á. Jésù kan náà ni, Bíbélì náà kò yàtọ̀. Kò sí ìjọ Kristẹni tí kì í gbàdúrà fún aláìsàn, nítorí Jákọ́bù ti ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ, kí wọ́n fi òróró kùn ún, kí wọ́n gbàdúrà. Ibi tí ọ̀nà ti pín ni ohun tó tẹ̀ lé àdúrà. Àwọn ìjọ àtijọ́ ní Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà ló dá ewé àti ọgbọ́n dókítà. Wọ́n á ní oníṣègùn ni Lúùkù tó kọ ìwé Ìhìn Rere, àti pé Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ gba Tímótì nímọ̀ràn pé kó máa mu wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn Bàtíìsì fi dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1907, tí Mẹ́tọ́díìsì sì ní Wesley Guild ní Iléṣà. Àwọn Aládùúrà wọ̀nyí ní tiwọn ní Ọlọ́run ti sọ nínú Ẹ́kísódù pé òun ni olùwòsàn. Tí olùwòsàn bá wà nílé, kí la tún ń wá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì? Fún wọn, oògùn mímu jẹ́ àmì pé èèyàn kò gbọ́kàn lé Ọlọ́run délẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé nígbà yẹn, "oògùn" kì í ṣe hóró inú páálí nìkan. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe àgúnmu, oǹdè àti ohun tí babaláwo bá sè. Ẹni tó ti dáná sun oògùn ìbílẹ̀ nítorí Jésù lè má rí ìdí tí yóò fi gba oògùn òyìnbó mọ́ra.

Ọkùnrin tó gbé ìgbàgbọ́ yìí ká ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí ni. Wọ́n bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òdó-Ọwá lọ́dún 1904. Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Ọ̀fà Garage, tí ẹ gba Ajàṣẹ́-Ìpo kọjá sí Òmù-Àrán, ọ̀nà ibẹ̀ lẹ wà yẹn. Awakọ̀ ẹ̀rọ tó ń tẹ títì, èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní katakata, ni Babalọlá lábẹ́ PWD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe títì. Ní oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1928, ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòsí Ìkejì-Arákejì, kò sì jí mọ́. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́, ohùn kan pè é níbẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó di oníwàásù. Lónìí, yunifásítì CAC tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Ìkejì-Arákejì yẹn.

Ní oṣù Agẹmọ, ọdún 1930, àwọn aṣáájú Faith Tabernacle ń ṣe ìpàdé ní Òkè-Ooye, ní Iléṣà. Babalọlá wà níbẹ̀. Ìtàn ìjọ sọ pé ó gbàdúrà, ọmọ tó ti kú sì jí. Ìròyìn fò. Èèyàn ń wọ́ wá láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú ìgò, pẹ̀lú akèǹgbè, láti wá bu omi tí wòlíì ti gbàdúrà sí. Omi ìyè ni wọ́n ń pè é. Iléṣà tí Wesley Guild wà náà ni èyí ń ṣẹlẹ̀ o. Nínú ìlú kan ṣoṣo, ẹ lè rí Kristẹni tó ń tò fún dókítà àti Kristẹni tó ń tò fún omi, orúkọ Jésù kan náà ló sì wà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ràn èrò tó pọ̀ báyìí. Àwọn aṣáájú wá rí i pé ó dára kí àwọn ní ìjọ òyìnbó tó máa dúró lẹ́yìn wọn. Wọ́n kọ̀wé sí The Apostolic Church ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn mẹ́ta sì wá lọ́dún 1931. Lẹ́yìn wọn ni George Perfect àti Vaughan wá láti bá wọn gbé. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí àwọn èèyàn fi rí i pé àwọn míṣọ́nnárì ń lo kíníìnì láti fi dènà ibà.

Háà! Àwọn tó wá kọ́ wa ní ìwòsàn àtọ̀runwá, àwọn náà ń gbé oògùn mì? Babalọlá, Ọdúbánjọ àti Akínyẹlé kò lè gbà á. Àríyànjiyàn náà gbóná láàárín 1939 sí 1941, ìjọ sì ya. Apá kan dúró ti The Apostolic Church. Apá kejì gba orúkọ Christ Apostolic Church, wọ́n sì forúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Hóró kékeré tó korò ló pín ilé kan sí méjì.

Ó rọrùn láti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ojú oníkálukú ti rí. Lọ́dún 1841, àwọn òyìnbó 145 wọ ọkọ̀ gòkè odò Ọya. Ó lé ní 40 tó kú, ibà ló sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lọ́dún 1854, Baikie tún gòkè odò kan náà, ó ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kíníìnì lójoojúmọ́, ibà kò pa ẹyọ kan. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò méjèèjì. Fún òyìnbó nílẹ̀ wa, kíníìnì ló wà láàárín ikú àti ìyè.

Àgbàlagbà Yorùbá ńkọ́? Láti kékeré ni ẹ̀fọn ti ń jẹ ẹ́. Ara ẹni tó bá ti ye ibà léraléra ní kékeré máa ń kọ́ bí a ti ń bá a jà. Ibà á mú un, yóò gbọ̀n, yóò sùn, lọ́pọ̀ ìgbà yóò sì dìde. Tó bá gbàdúrà láàárín ìgbà yẹn, àdúrà gbà nìyẹn, ta ló fẹ́ jà á níyàn? Ohun tí Babalọlá fi ojú ara rẹ̀ rí ló ń sọ, ohun tí Perfect náà rí ló ń sọ. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́dún 1918, nígbà tí kò sí oògùn tó ràn influenza, ni wọ́n wá gbé lé ibà lórí, ibà tó ti ní oògùn. Ní iṣẹ́ tiwa, kóòdù tó dára lórí ẹ̀rọ kan lè ba nǹkan jẹ́ lórí òmíì, kì í ṣe pé ẹni tó kọ ọ́ ya òmùgọ̀.

Ẹni tó ń san owó rẹ̀ ni ọmọdé. Ara ọmọ ọdún méjì kò tíì kọ́ ìjà kankan. Títí di òní, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ibà ń pa ní Áfíríkà ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, Nàìjíríà ló sì ń sin òkú ibà jù láyé. Ẹ rántí ohun méjì tó lé Ṣàdáre jáde ní 1922. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ri ọmọ ọwọ́ bọmi, torí kò tíì lè gbàgbọ́ fúnra rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé ọmọ yẹn lè wá fúnra rẹ̀ kọ oògùn? Tí ìgbàgbọ́ bàbá kò bá lè ti ọmọ wọ inú omi, kò yẹ kó lè gba hóró oògùn lẹ́nu rẹ̀. A rò pé nínú ẹ̀kọ́ CAC fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn yìí ti wá, kò pọn dandan kí Áńgílíkà wá kọ́ wọn.

Ìtàn ìdílé Akínyẹlé n'Íbàdàn tù wá nínú. Ẹ̀gbọ́n, Alexander Babátúndé, dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1913, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn ní 1952. Àbúrò, Isaac Babalọlá, tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn, bá àwọn Aládùúrà lọ, ó di aṣáájú CAC, ó sì jọba Olúbàdàn ní 1955. Ìyá kan náà ló bí wọn. Ọ̀kan dúró nínú ìjọ tó ń kọ́ ilé ìwòsàn, èkejì wà nínú ìjọ tó ya nítorí kíníìnì. Ilẹ̀ Ìbàdàn gba àwọn méjèèjì.

Lónìí, dókítà àti nọ́ọ̀sì wà lára ọmọ ìjọ CAC, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lọ sí ilé ìwòsàn láìfi àdúrà sílẹ̀. Àwọn kan ṣì wà tó di ìlànà àtijọ́ mú gírígírí. Fún àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń ṣe, a ò ní ìjà bá a jà. Ti ọmọ ọwọ́ nìkan la ní ẹnu sí.

Nígbà tí màmá ń padà lọ, a sìn ín dé Ọ̀fà Garage. Ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó fi kẹ́ẹ̀gì tó ṣẹ́ ku omi díẹ̀ lé wa lọ́wọ́, ó ní ká tọ́jú ẹ̀. Àwa náà fi páálí oògùn ibà ọmọdé kan sínú báàgì rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà nílé, a sì sọ fún un pé ká ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kí wọ́n tó lò ó. Ó wo páálí yẹn, ó wò wá. A rò pé yóò dá a padà. Ó fa síìpù báàgì rẹ̀ pa.

"Màá gbàdúrà sí i," ló wí, ọkọ̀ sì gbéra.