Ohùn Hijāz: Láti Ẹnu Ládánì Dé Orí Okùn Ukulele

 

Gìtá kékeré olókùn mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní ukulele ti dé ọwọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ẹ ń wo flamenco ilẹ̀ Spéènì lórí fóònù, ẹ ń ta á, ohùn tó ń jáde sì jọ ti ládánì. Òbí ní ọmọ òun ń fi ìpè ìrun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ní orin òyìnbó lásán ni. Ọ̀rọ̀ yìí lè ba àárín ilé jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìtàn rẹ̀ kò ṣòro.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà. Ẹ mú okùn ìsàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n ń pè ní A. Ẹ ta á láìtẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ ojú kìíní, ẹ fo ojú méjì, ẹ tẹ ìkẹrin, kí ẹ wá tẹ ìkarùn-ún. Inú fífò yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn Lárúbáwá ń pe ètò ohùn yìí ní maqam Hijāz, orúkọ ilẹ̀ tí Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà wà. Ọ̀pọ̀ ládánì àti àwọn tó ń ké Kùránì máa ń lò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan: ní ilẹ̀ Tọ́kì, maqam Sabā ni wọ́n sábà máa ń fi pe ìrun àsùbáà. Kò sí hádíìsì tó ní Hijāz ni dandan. Àwọn ládánì àgbà tiwa gan-an, ohùn Yorùbá ni wọ́n fi ń pè é kí rédíò àti fóònù tó kó ohùn Mẹ́kà wọlé.

Báwo ló ṣe dé Spéènì? Ní 711 ni Tāriq ibn Ziyād sọdá omi lọ sí ilẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní al-Andalus. Ní 822, akọrin kan tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Ziryāb dé Cordoba láti ìlà-oòrùn, lábẹ́ ìjọba ʿAbd al-Rahmān Kejì. Wọ́n ní òun ló fi okùn karùn-ún kún ʿūd. Ẹ rọra gba ìtàn Ziryāb gbọ́ o: púpọ̀ nínú èyí tí à ń kà, ọwọ́ al-Maqqarī ló ti wá, tó kú ní 1632, ó ju ẹgbẹ̀rin ọdún dín ọgbọ̀n lọ lẹ́yìn ikú Ziryāb. Èyí tó dájú ni pé ʿūd gbilẹ̀ níbẹ̀, àti pé láti ara al-ʿūd ni àwọn òyìnbó ti rí lute, orúkọ rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀.

Granada bọ́ ní 1492. Láàárín 1609 sí 1614 ni wọ́n lé àwọn ọmọ Mùsùlùmí tó kù jáde. Flamenco kò tíì ní orúkọ nígbà náà. Ẹ̀yìn náà ló fara hàn ní Andalusia, láàárín àwọn Gitano àti àwọn tálákà ibẹ̀. Ẹni tó bá ní Mùsùlùmí ló dá flamenco sílẹ̀ sọ àsọdùn. Ẹni tó ní kò kàn wá rárá, etí rẹ̀ kò tíì gbọ́ ojú kìíní àti ìkẹrin yẹn.

Ukulele ní tirẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí. Àwọn ará erékùṣù Madeira, ọmọ ilẹ̀ Pọ́túgà, ló gbé gìtá kékeré wọn, machete, wọ ọkọ̀ ojú omi Ravenscrag dé Honolulu ní 1879, oko ìrèké ni wọ́n bá lọ. Ibẹ̀ ni ukulele ti jáde.

Ohun kan wà tí kò wá láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá: kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ tí a ta pọ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló ń rìn nínú orin Lárúbáwá àtijọ́. Olùta flamenco ló gbé kọ́ọ̀dù Yúróòpù lé e: Dm, C, B♭, A, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń bọ̀ láti òkè àjà. Bí a bá ka okùn láti òkè, 2210, 0003, 3211, 2100 ni ìka yóò tẹ̀. Ẹ kíyè sí C: ojú kẹta tí a fò níṣàájú ni ìka tẹ̀. Nígbà tí a bá dé A, ohùn náà gòkè díẹ̀, Hijāz sì yọjú. Ìdí nìyẹn tí flamenco fi ń dà bíi tiwa, tí kò sì jẹ́ tiwa tán.

Ní ti ẹ̀sìn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ mazhab mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ ohun èlò olókùn. Hádíìsì maʿāzif inú Sahīh al-Bukhārī wà lára ẹ̀rí wọn. Ibn Hazm, ọmọ Cordoba kan náà, tó kú ní 1064, gbà á láyè, ó ní hádíìsì náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó pọ̀ jù ni mo wà. Síbẹ̀, àwa tí a gbọ́ gòjé nínú sákárà, tí wéré jí wa fún sààrì, kò yẹ ká tètè pe ọmọ ní ẹlẹ́yà ẹ̀sìn. Fífi gìtá gbe Kùránì tàbí ìpè ìrun ni kò sí àyè fún rárá. Ìpè ìrun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìpè ìrun. Òbí tó bá gbọ́ Dm, C, B♭, A láti yàrá ọmọ rẹ̀, kó bi í ohun tó ń ta kó tó bínú.