Alùpùpù 600 Ti Ń Parí Lọ, Ìsọlọ̀ Sì Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Gbọ́

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó sórí táyà àlòkù ní ṣẹ́ẹ̀dì mẹkáníìkì mi, lẹ́yìn ògiri ilé-iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate. Yamaha R6 mi ti ọdún 2008 wà nílẹ̀ níwájú mi, wọ́n ti tú u palẹ̀. Mọ́tò kékeré kan tó máa ń ṣí ọ̀nà atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnì ló kú. A ti wá a dé Ladipo, a ò rí i. Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, wọ́n ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. R6 méjì míì wà níbí tó lè fi tiyín yìí jẹun."

Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí n jẹ́ kí wọ́n tà á ní wẹ́wẹ́, kí àwọn méjì yòókù lè yè. Mi ò dá wọn lóhùn. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mo ń ṣe, mo mọ bó ṣe máa ń rí tí àwọn tó ṣe nǹkan bá ní àwọn ò tọ́jú ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀kadà ni gbogbo ohun tó bá ní táyà méjì, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀kadà tó ń gbé èrò l'Ékòó kì í sábà ju 100cc sí 150cc lọ. (Láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Olóyè Gabriel Igbinedion, ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn, ẹ̀fẹ̀ ni àwọn ará ìlú ń ṣe.) Àwọn pawa báìkì ńlá jẹ́ 1000cc. Tí ọwọ́ ẹ bá ṣì í yí lórí Third Mainland, o lè má délé. Àárín méjèèjì ni 600 wà: ó yára ju ohun tí títì wa nílò lọ, àmọ́ ó ṣì ń gbọ́ tẹni tó gùn ún.

Kawasaki gbé GPZ600R jáde ní 1985. Honda tẹ̀lé e pẹ̀lú CBR600F ní 1987, báìkì tí èèyàn lè gùn lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kó sì fi sáré ìje lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó fi máa di 1999 tí R6 àkọ́kọ́ dé, òfin ìdíje Supersport ló ń darí gbogbo wọn: ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́rin kò gbọdọ̀ ju 600cc lọ. Tí o ò bá lè mú ẹ́ńjìnì tóbi sí i, kí ló kù? Kó máa yí kíákíá sí i ni.

Ìyíkíyìí yẹn ló fa ìtàn tí mo fẹ́ràn jù. Ní 2006, Yamaha polówó R6 tuntun pé ẹ́ńjìnì ẹ̀ lè yí nígbà 17,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Orí àwọn oníbáìkì wú. Nígbà tó yá, ó hàn pé aago iwájú báìkì ló ń sọ àsọdùn. Nǹkan bíi 16,200 ni ẹ́ńjìnì ń yí ní tòótọ́. Yamaha Amẹ́ríkà jẹ́wọ́, wọ́n ní ẹni tí inú ẹ̀ ò bá dùn lè mú báìkì wá, àwọn á rà á padà. Ẹ gbọ́ ná: 16,200 ṣì ju ti ọ̀pọ̀ báìkì ayé lọ! Iye tí wọ́n kọ síwèé ni àwọn èèyàn ń bínú sí. Inú R6 yẹn náà ni Yamaha fi kọ̀ǹpútà sáàárín ọwọ́ ẹni àti ẹ́ńjìnì: o yí ọwọ́, kọ̀ǹpútà ló ń pinnu atẹ́gùn tó máa wọlé. Mọ́tò tó kú lára tèmi, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn.

Kí ló wá pa wọ́n? Ọrọ̀ ajé ayé tó dẹnu kọlẹ̀ ní 2008 wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ẹ́ńjìnì gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ẹ́ńjìnì kékeré tó lè yí báyẹn, ẹnu ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde gbọ́dọ̀ jọ ṣí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Tí báìkì bá ń sáré, kò sí wàhálà. Tó bá ń rọra lọ, epo tí kò tíì jóná á bá èéfín jáde. Òfin èéfín Yúróòpù, Euro 4 àti Euro 5, kò gba irú ẹ̀. Wọ́n lè tún un ṣe o, àmọ́ iye báìkì tí wọ́n ń tà kò tó owó àtúnṣe. Honda kó CBR600RR kúrò ní Yúróòpù lẹ́yìn 2016 (ó padà wá ní 2024). R6 ojú títì parí ní 2020, ó ku ti pápá ìje.

Ní 2021, R7 dé. Ẹ́ńjìnì MT-07 ni: sílíńdà méjì, 689cc, agbára ẹṣin bíi 73, nígbà tí R6 tó gbẹ̀yìn ní bíi 118. Wáyà lásán ló ń ṣí atẹ́gùn ẹ̀ nígbà tó jáde, ohun tí R6 ti kọ̀ sílẹ̀ láti 2006. Orúkọ ẹ̀ ló tún bí wọn nínú jù, torí R7 ni orúkọ báìkì ìje 750 tí Yamaha ṣe ní 1999, ẹyọ 500 péré. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé oyè bàbá ńlá fún ọmọ tí kò tíì ṣe nǹkan kan. Tèmi ni pé báìkì náà ò burú. Dọ́là 8,999 ni l'Amẹ́ríkà nígbà tó jáde. R6 ti wọ 12,199. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ lè rà á. Ká ní wọ́n fún un lórúkọ míì ni, ariwo ì bá dín kù.

L'Ékòó, a kì í gbọ́ irú ìròyìn yìí lásìkò, torí tòkúnbọ̀ là ń rà. Èyí tí wọ́n rà ní tuntun lókè òkun, ó lè tó ọdún mẹ́wàá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Torí ẹ̀ ni R6 ṣì fi ń wọlé, tí àwọn ọmọkùnrin ṣì ń rò pé kò lè tán. Náírà náà tún já: dọ́là kan tó jẹ́ bíi náírà 460 ṣáájú oṣù kẹfà 2023 ti kọjá 1,500 ní oṣù kejì 2024.

Àwọn tó lè tún un ṣe náà ń dín kù. Òfin ìrìnnà Èkó ti 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀nà 475. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2022, ìfòfindè pátápátá wá kan Oshodi-Isolo. Kò bá pawa báìkì wí, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ló ń bọ́ àwọn mẹkáníìkì. Tiwa kàn jẹ́ ẹran orí ẹ̀bà ni. Ṣẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé báìkì wá. Ọ̀kan ló kù.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹ yọ bírékì iwájú fún ọmọ yẹn. Ẹ fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ ná."

"Títí dìgbà wo?"

"Ẹ jẹ́ kí oṣù parí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi tapólì bò ó. Mo san owó iṣẹ́, mo rìn dé ẹnu géètì, mo wọ kọ̀rọ̀pẹ̀ lọ sílé.