Aago Iwájú Awakọ̀ Bàálù: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn fún Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́

Ní Ugbuwangue, ní Warri, mo fi àwòrán dáṣíbọ́ọ̀dù bàálù kékeré kan han ọ̀dọ́mọkùnrin wẹ́dà kan. Ó fi pijin dá mi lóhùn pé páànù tí wọ́n lu ihò sí lásán ni, òun náà lè gé e. Bébà yìí gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Nígbà tí bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ojú lásán ni awakọ̀ fi ń wo ilẹ̀. Bí kùrukùru bá bò ó, kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1929, ní New York, Jimmy Doolittle gbéra, ó sì balẹ̀ láìwo ìta rárá. Aago iwájú rẹ̀ ló gbára lé. Ní 1937, àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì yan aago mẹ́fà, wọ́n sì ń tò wọ́n bákan náà, kí awakọ̀ tó bá bọ́ sínú bàálù mìíràn má baà máa wá wọn kiri.

Ilé-iṣẹ́ AIEP ní Kaduna náà ṣe Air Beetle fún àwọn ọmọ ogun òfurufú wa, ní àwòkọ́ṣe RV-6A ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù irú bàálù bẹ́ẹ̀ lè gé páànù alumíníọ̀mù ní wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n irin kò gbọdọ̀ sún mọ́ kọ́ńpáàsì, nítorí yóò fa abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo íṣíkúrúù bràásì. Rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn lọ sí aago ìyára kò gbọdọ̀ jò. Bí ó bá jò, aago yóò purọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀njiníà tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, òótọ́ ni ọmọ Ugbuwangue yẹn sọ nípa gígé. Ohun tí a kò tíì kọ́ ọ ni ìwọ̀n, ìdánwò àti àkọsílẹ̀. Àwa tí à ń kọ́ olùkọ́ ló ni gbèsè yìí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Aago sì ni ojú awakọ̀. A dábàá pé kí olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ má ṣe fún iṣẹ́ kankan ní máàkì nítorí pé ó dán lójú nìkan, àfi bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ̀n ọ́n, tó dán an wò, tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.